Ìgbín Inú Ìgò àti Ọ̀rọ̀ Ẹnìkejì Ẹni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹni tí inú ń bí ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, kí ó má baà ṣe ohun tí yóò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò fínnífínní, a ó rí i pé ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Scotland fi àádọ́rùn-ún ọdún gbáko jiyàn lé lórí. Ẹni tí ó sọ òkò kò mọ ẹni tí òkò yóò bà. Kò bá a pàdé rí, kò bá a ná ọjà, kò sì bá a ṣe àdéhùn kankan. Ǹjẹ́ ó jẹ ẹ́ ní gbèsè bí? Ìtàn bí ìbéèrè yìí ṣe rí ìdáhùn ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Èdè ni èmi ń kọ́, n kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìtàn náà tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà ní ìdí rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

ẸJỌ́ MÉJÌ TÍ KÒ JỌ ARA WỌN

Bí ènìyàn bá jalè tàbí bí ó bá pànìyàn, ìjọba ni yóò pè é lẹ́jọ́. Bí ó bá jẹ̀bi, yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n tàbí kí ó san owó ìtanràn, àpò ìjọba ni owó ìtanràn náà yóò sì wọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi lè máa wò láìrí kọ́bọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kejì wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí a pa lára ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí kóòtù. Kò ní kí wọ́n ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Ohun tí ó ń wí ni pé, "Ìwọ ni o pa mí lára, tún un ṣe fún mi." Owó tí kóòtù bá ní kí wọ́n san fún un ni a ń pè ní owó gbà-máà-bínú.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nídìí ẹjọ́ kejì yìí ní tort. Inú èdè Faransé àtijọ́ ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá sì tọ ipa rẹ̀ dé inú èdè Látìnì, ohun tí a lọ́ tí ó sì wọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Yorùbá ń rò ó. Ọ̀nà tí kò wọ́ ni a ní ó tọ́. Ìwà tí ó dára náà ni a ní ó tọ́. Àwọn ará Scotland, tí òfin tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, ní orúkọ mìíràn fún un, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń wá.

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ méjì ni a fi ń wọn ìwà ẹni tí ó ṣe ibi: yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí ó ṣèèṣì. Bí ọmọdé bá gbá bọ́ọ̀lù tí ó fi fọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ni?" Bí ó bá ti wí pé òun ṣèèṣì ni, ìbínú ìyá á rọ̀ dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ìkòkò kò ní í tìtorí èyí di odidi. Àárín mọ̀ọ́mọ̀ àti ṣèèṣì yìí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí mò ń wí wà. Ẹni tí kò gbèrò ibi ni, ṣùgbọ́n tí ibi náà kì bá tí ṣẹlẹ̀ bí ó bá kíyè sára. Awakọ̀ tí ó mọ̀ pé bíréèkì òun kò mú dáadáa, tí ó sì gbé èrò lọ sí Ìbàdàn, kò mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹnikẹ́ni lára. Síbẹ̀ ojú yóò tì í láti dúró níwájú àwọn ẹbí òkú kí ó ní òun kàn ṣèèṣì ni. Àìkíyèsára ni orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

ÒGIRI ÀDÉHÙN

Ní ọdún 1842, ẹjọ́ kan dé iwájú àwọn adájọ́ ní London. Winterbottom ni ẹni tí ó pè é, awakọ̀ tí ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kó lẹ́tà láti Hartford lọ sí Holyhead. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wright ni ó bá ọ̀gá àgbà ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣe àdéhùn pé òun yóò pèsè ọkọ̀ náà, òun yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ kí ó lè wà ní ipò tí kò léwu. Winterbottom ní Wright kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Ọkọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, òun ṣubú, òun sì di arọ títí ayé.

Àwọn adájọ́ ní kò lẹ́jọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Wright bá ṣe àdéhùn, kò bá Winterbottom ṣe é. Lord Abinger tí ó jẹ́ olórí wọn sọ pé bí àwọn bá gba irú ẹjọ́ báyìí láyè, gbogbo èrò ọkọ̀, àní ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ lójú ọ̀nà pàápàá, ni yóò máa pe ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní í lópin.

Láti ìgbà náà ni àdéhùn ti dàbí ògiri. Ẹni tí ó wà nínú ọgbà lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wà lóde kò lè ṣe é. Nígbà tí ó jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀ tí ó mọ̀ lójú, tí ìyá alákàrà sì ń din àkàrà fún àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀, ògiri yìí kì bá tí ni ènìyàn lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńláńlá ti dé. Wọ́n ń ṣe oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀rọ ní ìlú kan, wọ́n ń tà á ní ìlú mìíràn, ó sì ń gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Ẹni tí ó ṣe ọjà kì í rí ẹni tí ń jẹ ẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn kankan kì í sí láàárín àwọn méjèèjì.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri yìí ní ihò. Ní 1852, ilé ẹjọ́ kan ní New York dá ẹni tí ó pèsè oògùn lẹ́bi, nítorí pé a lẹ orúkọ oògùn tí kò léwu mọ́ ìgò oògùn olóró, obìnrin kan sì lò ó, ó kù díẹ̀ kí ó kú. Ní 1916, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí a fi igi ṣe fọ́, ó sì pa ẹni tí ó ni ín lára. Ọ̀dọ̀ alágbàtà ni ó ti ra ọkọ̀ náà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Buick tí ó ṣe é. Síbẹ̀ Adájọ́ Benjamin Cardozo ní ilé iṣẹ́ náà ni yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ New York kò de adájọ́ ilẹ̀ Britain. Ògiri tiwọn ṣì dúró.

ALẸ́ ỌJỌ́ ÀÌKÚ KAN NÍ PAISLEY

Obìnrin kan wà ní Glasgow tí ń jẹ́ May Donoghue. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ni ó yè, òun àti ọkọ rẹ̀ kò sì gbé pọ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1928, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Paisley, ìlú kan tí kò jìnnà sí Glasgow, láti pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n wọ ilé oúnjẹ kékeré kan tí ń jẹ́ Wellmeadow Café, ti ọ̀gbẹ́ni Minghella. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sanwó. Ó ra áìsìkiriìmù àti ìgò ọtí atalẹ̀ kan fún un, irú èyí tí kì í pa ènìyàn.

Ìgò náà dúdú, ojú kò lè rí inú rẹ̀. Minghella ṣí i, ó da díẹ̀ sórí áìsìkiriìmù, Donoghue sì mu nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá da èyí tí ó kù, ohun kan tí ó ti jẹrà léfòó jáde. Wọ́n ní ìgbín ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹran gidi ni ìgbín lọ́dọ̀ wa, owó tí ó sì nípọn ni a fi ń rà á. Ṣùgbọ́n ìgbín tí a fi ata sè kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ó kú sínú ìgò tí ó sì rà sínú omi tí ènìyàn ti mu. Inú rírun mú Donoghue, ó lọ rí dókítà, lẹ́yìn náà wọ́n tún tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ní Glasgow.

Ẹ wá wo bí ògiri àdéhùn ti sé e mọ́. Kò lè mú Minghella, nítorí òun kọ́ ni ó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó rà á kò ṣàìsàn. Ẹni tí ó ní àdéhùn kò ní ìpalára, ẹni tí ó sì ní ìpalára kò ní àdéhùn. David Stevenson tí ó ṣe ọtí náà, tí ó rọ ọ́ sínú ìgò, tí ó sì dí i, kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Lọ́yà kan ní Glasgow, Walter Leechman, gba ẹjọ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í tètè rẹ̀wẹ̀sì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àwọn mìíràn ṣe ẹjọ́ òkú eku tí wọ́n ní àwọn rí nínú ìgò ọtí atalẹ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, kóòtù ńlá ti Edinburgh sì ti lé e dànù ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1929, pé kò sí àdéhùn. Lọ́yà mìíràn ìbá ti fi ọwọ́ lérán. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, ogún ọjọ́ péré lẹ́yìn rẹ̀, Leechman pe Stevenson lẹ́jọ́ ní orúkọ May Donoghue, ó ní kí ó san 500 pọ́n-ùn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1930, Lord Moncrieff dá Donoghue láre pé ó lẹ́jọ́ lóòótọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn adájọ́ mẹ́rin tí ó ga jù ú jókòó, mẹ́ta nínú wọn sì yí ìdájọ́ náà padà. Ibi kan ṣoṣo ni ó kù: Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù ní London, tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún ilẹ̀ Britain nígbà náà. Owó kékeré kọ́ ni ènìyàn ń ná kí ó tó dé ibẹ̀, bí ó bá sì jẹ̀bi, òun ni yóò san ìnáwó ẹni kejì. Donoghue kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí wọn pé òtòṣì ni òun, pé yàtọ̀ sí aṣọ tí òun ń wọ̀, gbogbo ohun tí òun ní láyé kò tó pọ́n-ùn márùn-ún. Àlùfáà ìjọ rẹ̀ àti àwọn àgbà ìjọ jẹ́rìí sí i. Wọ́n gbà á láyè láti wá gẹ́gẹ́ bí òtòṣì, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ kò sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

ADÁJỌ́ MẸ́TA SÍ MÉJÌ

Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà fún ọjọ́ méjì ní oṣù kejìlá ọdún 1931. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1932 ni ìdájọ́ jáde. Adájọ́ márùn-ún ni wọ́n. Lord Buckmaster àti Lord Tomlin dá Stevenson láre. Ìbẹ̀rù tí ó bá Lord Abinger ní 1842 ni ó bá àwọn náà: bí a bá gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ògiri yìí, kí ni kò ní í jẹ́ kí a gbé àádọ́ta? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òfin tí kò bá lópin a máa ni ọlọ́jà àti oníbàárà lára bákan náà.

Ṣùgbọ́n Lord Atkin, Lord Thankerton àti Lord Macmillan dá Donoghue láre. Lord Atkin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ di mánigbàgbé. Brisbane ní Australia ni wọ́n ti bí i, Wales ni ó sì gbé dàgbà. Ó mú ìtàn tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ̀, ti ará Samáríà tí ó ṣàánú ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù ní ojú ọ̀nà Jẹ́ríkò, ó sì fi ṣe òṣùwọ̀n òfin. Ó ní òfin ìfẹ́, nígbà tí ó bá wọ kóòtù, á di pé kí o má ṣe pa ẹnìkejì rẹ lára. Amòfin á sì béèrè pé, ta ni ẹni náà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tí ìṣe mi lè kàn tààrà ni, tí ó fi yẹ kí n ní in lọ́kàn nígbà tí mo bá fẹ́ ṣe ohun náà. Ẹni tí ó bá rọ ohun mímu sínú ìgò tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò kí ó tó dé ẹnu, ó jẹ ẹni tí yóò mu ún ní gbèsè ìkíyèsára, ì báà jẹ́ ẹni tí kò rí rí. Lord Macmillan fi kún un pé kò sí ìgbà tí a lè sọ pé oríṣi àìkíyèsára ti tán. Bí ayé bá ti ń yí, irú tuntun yóò máa yọjú.

Láti ọjọ́ náà, ohun mẹ́rin ni a ń wá nínú irú ẹjọ́ yìí. Èkíní, ṣé olùjẹ́jọ́ jẹ olùpẹ̀jọ́ ní ojúṣe? Èkejì, ṣé ó kùnà ojúṣe náà? Òfin kò ní kí ènìyàn jẹ́ áńgẹ́lì. Ohun tí ẹni tí orí rẹ̀ pé yóò ṣe ní ipò rẹ̀ ni a ń béèrè. Ẹ̀kẹta, ṣé ìpalára wà? Ẹni tí ó rí ìgbín nínú ìgò kí ó tó mu ún, tí ó sì dà á nù, kò lè sọ pé ó pa òun lára. Ẹ̀kẹrin, ṣé láti inú ìkùnà náà ni ìpalára ti wá? Bí inú bá ti ń run ènìyàn láti àná, kò lè di ẹ̀bi náà ru ìgò tí ó mu lónìí.

ẸNÌKEJÌ KÌ Í ṢE ALÁDÙÚGBÒ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ́ èdè nìyí. Ọ̀rọ̀ tí Lord Atkin lò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni neighbour. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan túmọ̀ rẹ̀ lónìí, aládùúgbò ni yóò sọ láìronú. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò lo aládùúgbò nínú ìtàn ará Samáríà. Ẹnìkejì ni wọ́n lò. Ní ibòmíràn wọ́n lo ọmọnìkejì.

Mo gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ilẹ̀ ni aládùúgbò fi ń wọn ènìyàn: àdúgbò kan náà ni èmi àti òun ń gbé. Bí ó bá kó lọ sí ìlú mìíràn, kì í ṣe aládùúgbò mi mọ́. Ẹnìkejì kò fi ilẹ̀ ṣe. Iye ni ó fi ń wọn ènìyàn: èmi ni ọ̀kan, òun ni èkejì. Bí mo bá ti ń ṣe ohun tí ó lè kan ẹlòmíràn, ó ti di èkejì mi nínú ohun náà, ì báà wà ní Òkè-Ògùn tàbí ní òkè òkun. Nígbà tí Stevenson ń dí ìgò rẹ̀ ní Paisley, May Donoghue kì í ṣe aládùúgbò rẹ̀, nítorí Glasgow ni ó ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì rẹ̀ ni. Ó gba àwọn adájọ́ Britain ní àádọ́rùn-ún ọdún láti 1842 kí wọ́n tó na ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn dé ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa wà.

Kí a má sì gbàgbé ààlà rẹ̀. Ìfẹ́ kọ́ ni òfin ń fi tipátipá mú ènìyàn ṣe. Àlùfáà àti ọmọ Léfì tí wọ́n fi ojú fo ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù kò ní í jẹ̀bi ní kóòtù Gẹ̀ẹ́sì, nítorí kì í ṣe àwọn ni wọ́n lù ú. Òwe tiwa nípa ará ilé ẹni tí ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, tí kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru, gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ènìyàn. Ìwà ọmọlúàbí bẹ̀rẹ̀ níbi tí òfin parí sí.

ÒPIN ẸJỌ́ NÁÀ, ÀTI BÍ Ó ṢE KÀN WÁ

Ẹ lè máa béèrè pé, ṣé ìgbín wà nínú ìgò náà lóòótọ́? Ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀rí múlẹ̀. Ohun tí Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù dá ni pé bí ó bá jẹ́ òótọ́, Donoghue lẹ́jọ́. Ó yẹ kí wọ́n padà sí Scotland láti gbọ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n Stevenson kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1932, nígbà tí ó sì di 1934, wọ́n fi 200 pọ́n-ùn parí ọ̀rọ̀ náà. May Donoghue pa dà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 1958.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti wọ Èkó láti 1863, nítorí náà ìdájọ́ yìí dé kóòtù tiwa. Ní 1973, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Èkó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan tí ó ń jẹ bisikíìtì tí ó sì fi eyín rẹ̀ kan ohun líle. Nígbà tí ó wò ó, eyín ènìyàn tí ó ti jẹrà ni. Kóòtù tẹ̀ lé ti Donoghue, ó sì dá ilé iṣẹ́ tí ó ṣe bisikíìtì lẹ́bi. Ní 1985, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá obìnrin oníṣòwò kan láre, tí fìríìjì oníkẹrosíìnì tí ilé iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò pèsè fún un gbiná tí ó sì jó o lára. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni ó ń yọrí sí rere. Ní 1980, ẹnìkan pe ẹjọ́ nítorí bíà tí ó ní kò dára, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe bíà wọn àti bí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, kóòtù sì gbà fún wọn. Ẹni tí ó jókòó sílé kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé iṣẹ́. Báwo ni yóò ṣe fi ẹ̀rí àìkíyèsára múlẹ̀? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà wá ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ó ní bí ọjà tí ó lábùkù bá ṣe ènìyàn ní ìpalára, ilé iṣẹ́ tí ó pèsè rẹ̀ ni yóò dáhùn fún un.

Òfin wà, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ ti rí láàárín ọjà àti ní ìdíkọ̀. Bí omi inú ọ̀rá bá gbé ìgbẹ́ gbuuru wọ ilé ènìyàn, tàbí bí gẹ́ẹ̀sì bá bú gbàmù lójú ìyá olóúnjẹ, kí ni a ń wí? A ní kádàrá ni. A ní ayé ni. A ní kí ó fi í fún Ọlọ́run. N kò sọ pé kí ènìyàn má gba kádàrá. Ibi tí ó wà láyé tí ẹnikẹ́ni kò lọ́wọ́ sí pọ̀. Ṣùgbọ́n a ń pe ohun púpọ̀ ní kádàrá tí ó jẹ́ àìkíyèsára ọmọ ènìyàn, tí ẹni tí ó fà á sì ń jókòó nínú ilé rẹ̀ tí ó ń ka owó.

Mo rò pé ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin yìí ń sọ. Ẹni tí kò bá ní orúkọ fún ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ kò lè béèrè rẹ̀. Mọ̀ọ́mọ̀ wà lẹ́nu ìyá olóúnjẹ, ṣèèṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹni tí ó tà á ní gẹ́ẹ̀sì bá ti ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Iṣẹ́ wa nìyí, àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a máa lo àìkíyèsára fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì, kí àwọn tí ń ka ìròyìn náà máa lò ó, kí àwọn akọ̀wé kóòtù àti ògbufọ̀ máa lò ó. Ẹ jẹ́ kí a máa pe ohun tí ẹni tí ń ṣe ọjà jẹ ẹni tí yóò lò ó ní ojúṣe sí ẹnìkejì, kí a má sì jẹ́ kí aládùúgbò gba ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun kọ́ ni wọ́n. Inú ilé wa ni wọ́n wà.

Obìnrin tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn márùn-ún ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn adájọ́ tí ó ga jù ní ilẹ̀ rẹ̀. Lọ́yà kan àti àwọn agbẹjọ́rò tí kò gba owó ni wọ́n bá a gbé e. Àwọn tí wọ́n wà ní ipò rẹ̀ kò wọ́n ní ilẹ̀ wa; a ń rí wọn lójoojúmọ́ ní Bódìjà àti ní Òṣòdì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá béèrè lọ́wọ́ yín lọ́la pé ta ni yóò dáhùn fún ohun tí ó ṣe òun, ẹ má ṣe dá a lóhùn pẹ̀lú èdè tí kò gbọ́.